Ìpè Tó Ti Ìkẹ́nẹ́ Jáde

Páálí kẹta dé láti òkè òkun ní oṣù kejì ọdún 1997, ó sì ti kú bíi ti méjì àkọ́kọ́. Kareemat Fàsásì kò tíì ṣí i tán tó ti mọ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ tutù débi tí á fi máa ta èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ ńṣe ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ti lò lójú ọ̀nà. Ìgò gíláàsì kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ ló wà láàárín páálí náà, ẹ̀kán omi díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dán an wò. Kò yàtọ̀ sí omi ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ Kareemat á máa bi í pé kí ló ń bà á nínú jẹ́ nítorí ẹ̀kán omi. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí àrùn bá wọ ọmú màlúù, tí ọmú náà wú, ibi tí àrùn wà á ké gbàjarè. Kì í ṣe ẹnu ló fi ń ké. Purotéènì kékeré kan ló ń tú jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kẹmokáìnì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ ogun ara, á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì wọ́ tọ ibẹ̀ lọ láti jà. Ọmọ ogun màlúù mìíràn a máa tètè jẹ́ ìpè yìí. Ti òmíràn á máa fà tìkọ̀ títí ọmú á fi bàjẹ́, tí ọmọ rẹ̀ á kú fún àìrí wàrà mu. Kareemat fẹ́ mọ bí tàwọn màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa ṣe rí. Kí ó tó lè mọ̀ ọ́n, àfi kí ìpè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló wà nínú ìgò náà kí ooru ojú ọ̀nà tó pa á.

Ó mú ìgò òkú náà lọ sí yàrá ọ̀gá rẹ̀. Dókítà Ṣóbọ̀wálé ni olórí ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìkẹ́nẹ́, ọkùnrin tó fara balẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í gbàgbé ohun tí èèyàn bá sọ fún un.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, Kareemat," ló wí. "Ṣé kí a má wá iṣẹ́ mìíràn fún ọ?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣe é fúnra wa."

"Ká ṣe kí ni?"

"Purotéènì náà, sà. Ká ṣe é níbí."

Ṣóbọ̀wálé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Níbi tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣéjú yìí? Tí epo bẹntiróòlù ti di ohun tí èèyàn ń sùn sí ilé epo torí rẹ̀?"

"Mo ṣe é ní Sìkọ́tílándì, sà. Ọwọ́ yìí náà ni mo fi ṣe é. Kì í ṣe òtútù ibẹ̀ ló bá mi ṣe é."

Ọ̀gá náà wọ awò ojú rẹ̀ padà. Ó ní kó lọ gbìyànjú, àmọ́ bí oṣù kẹfà bá parí tí kò sí nǹkan kan, kó gbàgbé ẹ̀, kó padà sórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ. Kareemat dúpẹ́, ó sì jáde kí ọ̀gá má baà yí ọkàn padà.

Ó kọ lẹ́tà sí obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ nílùú òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé nínú àpò ìwé lásán, tó ní sítáńbù lórí. Ẹni tó bá a ṣí i ni Ellen Kọ́mọláfẹ́, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Màmá Pamílẹ́rìn. Obìnrin Ìlíṣàn ni, ọmọ ìjọ Adventist. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún nínú yàrá ìwádìí yẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti ń dùn ún.

"Dókítà, bébà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ o," ló wí. Ó gbé bébà funfun pélébé kan sókè sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi pẹ́ńsù yí òbìrí kékeré kan sí àárín rẹ̀.

"Inú òbìrí yẹn ló wà, Màmá. Wọ́n kán jíìnì màlúù, àṣẹ tí ara fi ń ṣe purotéènì náà, síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Ooru kò lè ṣe é ní nǹkan kan."

Màmá Pamílẹ́rìn rọra gbé bébà náà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. "Kí ló wá dé tí a ti ń fi páálí yìnyín dá ara wa láàmú láti ọjọ́ yìí?"

"Ohun tí a ń rà tẹ́lẹ̀ ni ọbẹ̀ tó ti jinná, Màmá. Èyí ni bí wọ́n ṣe ń se é."

Wọ́n gé òbìrí náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀, wọ́n sì fi omi náà fún bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan lára wọn gba jíìnì náà sínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì màlúù láìmọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn làwọn ń ṣe. Bí èèyàn bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ó rọrùn. Àmọ́ bakitéríà fẹ́ kí a máa mi òun láìdúró nínú ìgò gbígbóná, iná kò sì dúró. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn obìnrin méjèèjì ń gba ìgò náà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń mì í bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí apá wọn fi kú tipiri.

Wọ́n ṣètò ọjọ́ iṣẹ́ wọn. Bí ọ̀sán Jímọ̀ bá ti lé, Kareemat á lọ kírun. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Màmá Pamílẹ́rìn á ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, Sábáàtì rẹ̀ ti dé nìyẹn, kò sì sí ohun tó lè mú un fọwọ́ kan ìgò kan títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀.

"Àárọ̀ Sọ́ńdè sí ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè ni tiwa," ni Màmá wí. "Kí bakitéríà náà kọ́ ọ."

Bakitéríà sì kọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n sẹ́ oje inú wọn, wọ́n sì dà á gba inú ọ̀pá gíláàsì kan tí wọ́n rọ hóró funfun wẹ́wẹ́ kún. Kẹmokáìnì a máa lẹ̀ mọ́ hóró wọ̀nyí nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣàn lọ. Wọ́n wá fi omi iyọ̀ yọ ọ́ kúrò lára wọn. Ohun tí wọ́n rí gbà kò kún ìdérí kálàmù bírò.

Ó ku ẹ̀jẹ̀. Kareemat gun ọ̀kadà lọ sí Irolu, ó gbé kúlà sórí itan. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Oyèbọ̀dé, tó ń sin màlúù kúkúrú mẹ́fà sẹ́yìn oko kòkó rẹ̀. Kareemat fi èdè Rẹ́mọ kí i. Inú bàbá náà dùn pé obìnrin tó wọ aṣọ funfun dókítà kò sọ òyìnbó sóun.

"Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?" ni bàbá bi í.

"Èyí tí àìsàn kì í sábà ṣe, Bàbá."

Bàbá na ọ̀pá sí abo dúdú kan. "Ìyàwó Àgbà nìyẹn. Ó ti bímọ mẹ́sàn-án fún mi, n ò rí i kí ọmú rẹ̀ wú rí. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, kì í fẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun."

Bàbá fúnra rẹ̀ di orí Ìyàwó Àgbà mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, Kareemat sì fa ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn rẹ̀. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ó ti padà dé Ìkẹ́nẹ́.

Ohun tí wọ́n fi ń dán an wò dà bí ilé alájà méjì. Omi tí kẹmokáìnì wà nínú rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń bẹ lókè, awọ tín-ín-rín tó ní ihò wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbọ́ ìpè, á fún ara rẹ̀ gba inú ihò kọjá. Ó gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara màlúù fún wákàtí kan ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó tán ni iná lọ. Màmá Pamílẹ́rìn kò tilẹ̀ kánjú. Ó da omi gbígbóná sínú kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó fi omi tútù là á títí ìwọ̀n ooru fi pé, ó gbé gbogbo rẹ̀ wọnú ibẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n pa awọ náà láró tí Kareemat fojú sí maikirosíkóòpù, ó pariwo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti rọ́ kọjá. Wọ́n pọ̀ lọ súà, aláwọ̀ àlùkò, bí èèyàn tó ń wọ́ jáde láti yìdí. Nínú èyí tí wọ́n fi omi lásán sí, díẹ̀ báyìí ló kọjá.

Kò lè dá a pa mọ́ra. Kí ó tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti yà sí ilé obì bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, níbi tí Alhaji Fàsásì jókòó sí láàárín àwọn agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, òun àti oníbàárà rẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́, Bẹ̀llò, tó ń kó gbànja lọ sí Kánò.

"Bàbá, ó ti ṣiṣẹ́! Èyí tí òyìnbó ń ṣe, a ti ṣe é ní Ìkẹ́nẹ́!"

Alhaji dìde. "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ mi!" Oríkì rẹ̀ ló ń pè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sí oníṣòwò obì kan ní Ṣàgámù tí kò gbọ́ pé ọmọ Fàsásì ti ṣe oògùn màlúù. Kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jiyàn pẹ̀lú bàbá tí inú rẹ̀ ń dùn?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Dókítà Ṣóbọ̀wálé wá wo awọ náà. Ó pẹ́ lórí maikirosíkóòpù. Ó gbé orí sókè.

"Ó dára. Ìbéèrè kan ni mo ní. Báwo lo ṣe mọ̀ pé purotéènì rẹ ló pè wọ́n? Inú bakitéríà lo ti mú un wá, àwọn ọmọ ogun yìí sì kórìíra bakitéríà. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ara bakitéríà ni wọ́n ń sá tọ̀ ńkọ́?"

 Kareemat mọ ìbéèrè yẹn. Wọ́n ti kọ́ ọ. Ayọ̀ ló jẹ́ kó fò ó dá.

Ọ̀nà ìdáhùn rẹ̀ kò le, ó kàn ń gba àkókò ni. Ó mú bakitéríà tí kò gba jíìnì màlúù rárá, ó sì ṣe gbogbo ohun tó ṣe fún ti àkọ́kọ́ fún un láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó tún lọ sí Irolu. Ìyàwó Àgbà tún fún un lẹ́jẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo awọ náà, omi tí kò ní kẹmokáìnì kankan nínú náà pe àwọn sẹ́ẹ̀lì. Wọn kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fojú fò lọ.

Màmá Pamílẹ́rìn náà wò ó. Ó ní, "Dókítà, kò sí ẹlòmíràn tó tíì rí i."

"Èmi ti rí i, Màmá. Ẹ̀yin náà ti rí i."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn," ni Màmá wí, ó sì lọ ń fọ gíláàsì.

Kareemat sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyẹn kò le tó bí ó ṣe rò. Ti bàbá rẹ̀ ló wúwo lẹ́sẹ̀. Ó bá Alhaji àti Bẹ̀llò lórí obì tí wọ́n ń ṣà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Mo yára sọ ọ́ jù."

 Alhaji Fàsásì mú obì kan, ó yí i wò, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Ta ló rí ìdọ̀tí náà?"

"Ọ̀gá mi ló béèrè. Èmi ni mo wá a, tí mo sì rí i."

"O sì wá sọ ọ́ lójú Bẹ̀llò."

"Ojú wọn náà ni mo ti sọ ti àkọ́kọ́, Bàbá."

Ẹ̀rín gba ojú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. "Bẹ̀llò, ṣé o gbọ́? Ọdún mélòó lo ti ń ra obì lọ́wọ́ mi?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún, Alhaji."

"Ṣé o ti bá obì tó ní kòkòrò rí lábẹ́ èyí tó dára nínú agbọ̀n mi?"

"Rárá o. Ìdí tí mo fi ń kọjá ilé àwọn ẹlòmíràn wá síbí nìyẹn."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o wá pariwo níbí, inú mi dùn. Lónìí, orí mi wú. Ẹni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa kòkòrò kúrò nínú ọjà ara rẹ̀ lójú oníbàárà, ìyẹn lọmọ mi. Padà lọ fọ nǹkan rẹ kó mọ́, Àjọkẹ́."

Kareemat padà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù kẹfà parí. Ó jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìdọ̀tí ti lè wọlé, ó sì rí i pé inú ọ̀pá gíláàsì ni. Nígbà tí purotéènì lẹ̀ mọ́ hóró, ìdọ̀tí náà lẹ̀ mọ́ purotéènì. Ọṣẹ ló lè yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe ti ìfọṣọ, èyí tí wọ́n ń lò nínú yàrá ìwádìí. Ìgò kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Màmá Pamílẹ́rìn ló rántí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà. Wọ́n fi omi ọṣẹ tútù wẹ hóró náà nígbà ogún, wọ́n fi omi mímọ́ ṣàn án nígbà ogún, kí wọ́n tó jẹ́ kí omi iyọ̀ kàn án. Wọ́n ṣe èyí tó ní jíìnì, wọ́n ṣe èyí tí kò ní, bákan náà. Ohun tí wọ́n rí gbà lọ́tẹ̀ yìí kéré sí ti àkọ́kọ́ ní ìdajì. Kareemat kò bìkítà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ omi sínú àwọn túùbù, kó kọ ohun tó bá wù ú sí wọn lára, kí òun má mọ èwo ni èwo. Ṣóbọ̀wálé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ A, B, D, E sí wọn lára, ó kọ ìtumọ̀ wọn sórí ìwé kan, ó ká a sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá. Wọ́n pa awọ láró. Kareemat ń kà, Màmá Pamílẹ́rìn ń kọ. 

"A, méje. B, mẹ́fà. D..."  Ó yí awọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́ẹ̀kan sí i. "D, igba ó lé mẹ́rìnlá. E, mẹ́jọ."

Dókítà Ṣóbọ̀wálé fa ìwé yọ láti inú àpò. Ó kà á sókè. "A, omi lásán. B, bakitéríà tí kò gba jíìnì. E, ìgò òkè òkun tó kú." Ó gbójú sókè. "D, tìrẹ ni."

 Ńṣe ni Màmá Pamílẹ́rìn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó gbá Kareemat mọ́ra, tí ó sì bú sẹ́kún, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹkún rẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

"Kareemat," ni Ṣóbọ̀wálé wí, "ojú mi kò rí i rí kí èèyàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun bí òun bá purọ́." Ó na ọwọ́ sí i. "Dókítà Fàsásì, o ṣeun." Láti ọjọ́ tó ti gbà á síṣẹ́, kò tíì fi dókítà pè é rí.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ilé ìwádìí ẹran kan lókè Ọya ti kọ̀wé béèrè bóyá wọ́n lè rí díẹ̀ gbà, nítorí pé tàwọn náà ń kú lójú ọ̀nà láti òkè òkun. Túùbù mẹ́wàá ló lọ. Màmá Pamílẹ́rìn ló kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lára, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúró ṣinṣin: kẹmokáìnì màlúù, Ìkẹ́nẹ́, 1997. Èsì wọn dé kí ọdún tó parí. Ó pe àwọn sẹ́ẹ̀lì màlúù tiwọn náà, ó sì lágbára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu géètì ilé ìwádìí náà. Alhaji Fàsásì ló sọ̀kalẹ̀, nínú agbádá funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún. Kò wá síbẹ̀ rí. Ẹ̀ṣọ́ bi í pé ta ló fẹ́ rí.

"Ọmọ mi ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. "Dókítà Kareemat Fàsásì. Èmi ni bàbá rẹ̀."

Kareemat mú un wọlé, ó gbé àga fún un, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń fojú wo inú maikirosíkóòpù hàn án. Ó pẹ́ kí bàbá náà tó rí nǹkan, ìpéǹpéjú rẹ̀ ló ń rí ní àkọ́kọ́. Lójijì, ó fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Àwọn aláwọ̀ àlùkò yìí?"

"Àwọn ni, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó tì wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó tì wọ́n. A pè wọ́n ni."

Bàbá náà kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì dì í mú.